Ibà Lássà: Ọ̀nà tí Eku Ń Gbà Kó Àrùn Ran Ènìyàn àti Bí A Ṣe Lè Dènà Rẹ̀

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ibà Lássà mu, nítorí pé inú ilé ni àrùn náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Eku tí ó ń sá kiri inú àká, tí ó ń rìn lórí àjà lóru, tí ó sì ń bá onílé jẹ nínú ohun tí onílé tọ́jú, ni ó ń gbé e kiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àfi bí eku bá gé ènìyàn jẹ kí ó tó lè ṣe é ní ibi. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ohun tí eku fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti lọ tán ni ó léwu jù, èyí ni ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Èròǹgbà iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé àwọn ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà dé ara ènìyàn, àti láti fi hàn pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí agbo-ilé kò lè dí.

Ìṣẹ̀dálẹ̀ Àrùn Náà

Lássà jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Borno, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ kọ lu Laura Wine, nọ́ọ̀sì kan ní ilé-ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní ìlú náà. Wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì, kó àìsàn náà, òun náà sì kú. Lily Pinneo, nọ́ọ̀sì kẹta, kó o pẹ̀lú. Wọ́n gbé e lọ sí New York, ó sì yè é. Láti ara ohun tí wọ́n gbà lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale ti rí kòkòrò àìfojúrí tí ó ń fa àrùn náà, orúkọ ìlú Lássà ni wọ́n sì fi pè é. Ní ọdún 1970, Jeanette Troup, dókítà kan ní Jọ́ọ̀sì, kó àrùn náà níbi tí ó ti ń ṣe àyẹ̀wò òkú, ó sì bá a lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ó ti hàn pé ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn wà nínú ewu.

Nígbà tí àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Sierra Leone ní ọdún 1972 ni ìwádìí fi eku tí ó ń gbé e hàn. Mastomys natalensis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe eku náà. Ó kéré ju òkété lọ púpọ̀, abo rẹ̀ ní ọmú tí ó pọ̀ ju ti eku yòókù lọ, ó sì máa ń bí ọmọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kòkòrò àrùn náà kì í dá eku yìí gúnlẹ̀. Ara rẹ̀ yóò le koko, síbẹ̀ yóò máa tọ àrùn sílẹ̀ níbikíbi tí ó bá dé.

Àwọn Ọ̀nà tí Àrùn Ń Gbà Dé Ara Ènìyàn

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni oúnjẹ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, orí àpáta, ẹ̀bá títì àti ìta gbangba ni wọ́n sábà máa ń sá èlùbọ́ àti láfún sí. Àwọn mìíràn a máa sá gàrí pẹ̀lú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí wọn kò kó o wọlé, eku yóò jẹ nínú rẹ̀, yóò sì tọ̀ sí i. Bí oòrùn ọjọ́ kejì bá ràn, ìtọ̀ náà yóò gbẹ, kò sì ní sí àmì kankan tí ojú lè rí. Bákan náà ni ti àpò gàrí tí wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ àti abọ́ tí wọ́n fọ̀ tí wọn kò dojú rẹ̀ dé.

Ọ̀nà kejì ni pípa eku àti títún un ṣe fún jíjẹ. Iná a máa pa kòkòrò àrùn náà bí ẹran bá jinná dáadáa, ṣùgbọ́n kí ẹran tó dé orí iná, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kan ọwọ́ ẹni tí ó ń la inú rẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá wà ní ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ti ṣí nìyẹn.

Ọ̀nà kẹta ni eruku. Bí ènìyàn bá fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ eku tí ó ti gbẹ, eruku rẹ̀ lè gba imú wọ inú ara. Ọ̀nà yìí gan-an ni hantavirus, àrùn eku mìíràn tí odò Hantan ní ilẹ̀ Kòríà fún ní orúkọ, ń gbà jù lọ. Ní ọdún 1993, ó pa àwọn ènìyàn ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, eku inú igbó tí ó wọlé ni ó sì gbé e wá. Ẹ̀kọ́ kan náà ni àrùn méjèèjì kọ́ni: kò yẹ kí á gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ.

Ọ̀nà kẹrin ni ara aláìsàn. Ẹ̀jẹ̀, èébì, ìtọ̀, ìgbẹ́ àti omi ara mìíràn láti ara ẹni tí ó ní ibà Lássà lè kó o ran ẹlòmíràn. Jíjókòó ti aláìsàn lásán tàbí kíkí i kì í sábà kó o ranni. Ìyá tí ó ń nu èébì ọmọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí kò wọ ìbọ̀wọ́ àti ẹni tí ó ń wẹ òkú ni ewu náà wà fún.

Kò sí ìgbà tí àrùn náà kò lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń gbilẹ̀ jù. Ní ọdún 2018, ènìyàn 633 ni àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in ní Nàìjíríà, 171 nínú wọn sì kú. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tí ó máa ń pọ̀ jù sí, pàápàá ní agbègbè Ọ̀wọ̀.

Àmì Àrùn àti Ìtọ́jú

Láàárín ọjọ́ 2 sí 21 lẹ́yìn tí ènìyàn bá kó o ni àmì rẹ̀ máa ń yọ. Nǹkan bí 80 nínú 100 ẹni tí ó kó o ni kì í mọ̀ ọ́n lára tàbí tí kì í ṣe ju àárẹ̀ díẹ̀ lọ. Fún àwọn yòókù, ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, àyà dídùn àti èébì ni ó máa ń tẹ̀ lé ara wọn. Bí ó bá le, ojú lè wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa jáde ní ẹnu tàbí imú. Àwọn kan tí wọ́n yè é a máa di odi etí. Ó burú jù fún aboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà, nítorí ìyá tàbí ọmọ inú, tàbí àwọn méjèèjì, ni ó sábà máa ń pa.

Ohun tí ó mú kí ó ṣòro ni pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ibà tí ẹ̀fọn ń fà tàbí taifọ́ọ̀dù. Bí ọjọ́ ti ń lọ lórí àgbo àti oògùn ibà ni àrùn ń ráyè. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Sierra Leone, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1986, fi hàn pé àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ribavirin láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ó ṣe láǹfààní jù. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ti lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì tí ara kò sì rọ̀, ilé-ìwòsàn ni ó kàn. Ó yẹ kí ó sọ fún dókítà bí eku bá ń yọ ilé rẹ̀ lẹ́nu. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Ìdènà

Títí di àkókò yìí, kò tí ì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fọwọ́ sí fún ibà Lássà. Ohun tí agbo-ilé lè ṣe ni wọ̀nyí:

1. Kí wọ́n máa kó oúnjẹ sínú agolo, ike tàbí garawa tí ó ní ọmọrí tí ó dé dáadáa. Eku a máa dá àpò lu.
2. Kí wọ́n máa sá èlùbọ́, láfún àti gàrí sórí pẹpẹ, kí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.
3. Kí wọ́n da oúnjẹ tí eku bá ti jẹ nínú rẹ̀ nù. Àṣà kí á gé ibi tí eku fẹnu kàn kúrò kí á sì jẹ ìyókù kò lè gbani, nítorí ibi tí ó tọ̀ sí kì í ṣe ibi tí ó jẹ nìkan.
4. Kí wọ́n dí ihò ara ògiri àti abẹ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n ro àyíká ilé, kí ààtàn sì jìnnà sí ilé. Ológbò náà wúlò.
5. Kí wọ́n fi omi tí wọ́n po bílíìsì mọ́ rin ìgbẹ́ eku, kí ó rin dáadáa, kí wọ́n tó fi nǹkan nù ún. Ọwọ́ lásán kò gbọ́dọ̀ kan òkú eku.
6. Kí ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí ẹni tí wọ́n fura sí bá kú, kí wọ́n fi wíwẹ̀ àti sísin rẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ́wọ́.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé kì í ṣe eyín eku ni ó ń pa ènìyàn jù, bí kò ṣe ohun tí ó fi sílẹ̀ sínú oúnjẹ àti sórí ilẹ̀. Ìyà rẹ̀ sì máa ń kọjá ara ẹni tí ó jẹun náà dé ara ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọmọrí garawa gàrí, ihò tí wọ́n dí, ìbọ̀wọ́ tí nọ́ọ̀sì wọ̀ àti ọjọ́ tí aláìsàn tètè dé ilé-ìwòsàn ni ẹnu ògiri ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí èyí tí ó ju agbára agbo-ilé àti ilé-ìwòsàn lọ nínú wọn.