Òṣíbàtà Nínú Àgbàlá

Gbogbo wa ni a mọ orúkọ òṣíbàtà. À ń gbọ́ ọ nínú àdúrà àwọn àgbà, níbi tí wọ́n ti ń dà á pọ̀ mọ́ ojúoró, kí ọmọ lè lékè bí ewé ti ń lékè omi. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọ̀dọ́ kan ní Àjàṣẹ́ fi òṣíbàtà hàn wá létí ọ̀sà, jacinthe d'eau ni ó sábà máa ń nàka sí, àlejò tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tó ń bo omi mọ́lẹ̀, tó sì ń dí ọ̀nà ọkọ̀. Òṣíbàtà gan-an, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní nénuphar, kì í léfòó kiri. Inú ẹrẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ewé rẹ̀ rí roboto, etí rẹ̀ ní eyín bí ayùn, òdòdó funfun rẹ̀ sì máa ń là ní alẹ́, a sì padé nígbà tí oòrùn bá ga.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé àwọn tó ń wá a fún títà a máa hú u tiṣu tewé, àbàtà tó ń hù sí sì ń di ilẹ̀ ilé. Ní Brazil, nínú ẹ̀sìn Candomblé, oxibatá ni wọ́n ń pe ewé yìí títí di òní, ewé Ọ̀ṣun ni lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun di orúkọ àti ewé mú. Ṣé àwa tí a wà létí odò ni yóò wá pàdánù rẹ̀?

A kò nílò adágún. Bàsíà ńlá kan tó, níbi tí oòrùn ti ń ràn fún nǹkan bí wákàtí 6 lójúmọ́. Ẹ rọ amọ̀ sínú ìkòkò kékeré, ẹ má fi ìgbẹ́ ẹran tútù sí i, nítorí yóò ba omi jẹ́. Ẹ fi yanrìn bo ojú amọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí orí iṣu òṣíbàtà hàn síta. Ní ìgbà àkọ́kọ́, a rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni gbin iṣu oko, ó sì jẹrà. Kí omi ga ju ìkòkò lọ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ máa fi kún un bí ewé ti ń gùn.

Ibi tó dùn mọ́ wa jù lọ nìyí. Iṣu náà yóò yọ ọmọ kan lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí ọmọ náà bá ní ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin àti gbòǹgbò tirẹ̀, ẹ rọra fi ìka já a, kí ẹ gbìn ín sínú ìkòkò mìíràn. Ẹ má sọ iṣu náà nù. Ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀, yóò tún yọ òmíràn. Ní Yúróòpù, ńṣe ni wọ́n ń kó iṣu yìí pamọ́ nígbà òtútù. Oòrùn ilẹ̀ wa ti gbà wá lọ́wọ́ wàhálà yẹn.

Ẹ tún lè lo hóró. Òdòdó tó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wọ inú omi lọ so èso. Ẹ tètè fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì í, nítorí bí ó bá bẹ́, hóró wẹ́wẹ́ náà á léfòó lọ. Ẹ̀yà kan sì wà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nymphaea micrantha, tó ń bímọ lórí ewé, níbi tí ọ̀pá ti so mọ́ ọn. Ẹ fi òkúta tẹ irú ewé bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò ta gbòǹgbò.

Àwọn ìyá wa yóò bi wá pé ṣé ẹ̀fọn ni a fẹ́ máa sìn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ fi ẹja wẹ́wẹ́ bíi mélòó kan sínú bàsíà náà, wọn yóò máa jẹ tánwíjí. Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ fi wáyà bo ojú omi.

Bí ó bá kan ibi tí ẹ ó ti mú ti àkọ́kọ́, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, pàápàá tí ó bá jẹ́ odò ìbọ. Iṣu kan láti ẹ̀gbẹ́ tó. Ẹ fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀.