Omi ẹ̀rọ tó wọ ọjà ní owó gọbọi: Ẹ̀kọ́ wo ló wà fún ìlera?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí omi inú ike bá ṣe wọ́n tó ni yóò ṣe mọ́ tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004 fi hàn pé èrò yìí lè tan ènìyàn jẹ.

Oṣù Kejì ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Coca-Cola gbé omi Dasani jáde síbẹ̀. Ìdajì lítà jẹ́ 95 pẹ́ńsì. Kò pẹ́ tí àwọn aráàlú fi gbọ́ pé omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn dé ilé àwọn ará Sidcup, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́nù, ni wọ́n ń rọ sínú ike náà. Iye tí ìdajì lítà omi ẹ̀rọ náà ń náni kò tó pẹ́ńsì kan. Ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé ìpele púpọ̀ ni àwọn ti sẹ́ ẹ kó lè mọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ìlera

Lẹ́yìn tí wọ́n sẹ́ omi náà tán, wọ́n fi èròjà kálísíọ̀mù kún un. Èròjà yìí ní bromide nínú. Nígbà tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ ozone pa kòkòrò inú omi náà, bromide yí padà di bromate. Máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan ni òfin gbà láàyè, ṣùgbọ́n ti àwọn ike kan tó 22.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, wọ́n kó nǹkan bí 500,000 ike kúrò lọ́jà. Àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ níbẹ̀ sọ pé kò sí ewu ojú ẹsẹ̀, àmọ́ pé mímu bromate fún ìgbà pípẹ́ lè dá kún ewu àrùn jẹjẹrẹ. Wọ́n sì pa ètò títà á ní Faransé àti Jámánì tì.

Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ bu owó lé omi náà gan-an ló sọ ọ́ di ohun tó lè pani lára.

Kí ni kí oníbàárà wò?

Lọ́dún 2007, ilé-iṣẹ́ PepsiCo gbà láti kọ ọ́ sára ike Aquafina ní Amẹ́ríkà pé orísun omi gbogbo aráàlú ni omi náà ti wá. Irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn máa kà. Ní Nàìjíríà, ẹ wo nọ́mbà NAFDAC, orúkọ àti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́, àti ọjọ́ tí omi náà yóò kọjá àkókò, ìbáà ṣe omi inú ike tàbí inú ọ̀rá. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n tò sínú oòrùn tàbí tí ìdérí rẹ̀ ti já. Owó gọbọi kì í ṣe ẹ̀rí pé omi mọ́.