Eyín Ọdún Mẹ́fà àti Orúkọ Àwọn Ẹ̀yà Ẹnu

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùtọ́jú eyín máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí, ọ̀rọ̀ náà sì ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di akáyín kí wọ́n tó dàgbà. Ìyá kan yóò mú ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá sí ilé-ìwòsàn pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú. Nọ́ọ̀sì yóò bi í pé, "Ìyá Kẹ́hìndé, ó ti pẹ́ tó tí eyín yìí ti ń dùn ún?" Ìyá yóò dáhùn pé, "Ó ti tó ọdún kan, Sístà. Ṣùgbọ́n eyín ọmọdé ni. Mo ní yóò ká, òmíràn yóò sì hù dípò rẹ̀." Nígbà tí wọ́n bá la ẹnu ọmọ náà wò, wọ́n á rí i pé kì í ṣe eyín ọmọdé rárá. Eyín àgbà ni, bí wọ́n bá sì yọ ọ́, kò sí òmíràn lábẹ́ rẹ̀ tí yóò hù.

Kì í ṣe àìfẹ́ràn ọmọ ni ó fa èyí. Àìmọ orúkọ ni. Ẹni tí ń ta aṣọ kì í pe òfì ní àdìrẹ, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ kì í pe ewùrà ní iṣu funfun. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá kan ẹnu, "eyín" ni a ń pe gbogbo rẹ̀ láìyà á sọ́tọ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín, orúkọ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ọwọ́ kan irinṣẹ́. Ó yẹ kí àwa ará ilé pẹ̀lú mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. A sì bẹ ẹni tí ń ka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ àwọn ẹlòmíràn pé kí ó máa fi ìka tọ́ka sí ẹnu ara rẹ̀ bí ó ti ń kà á.

Ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ahọ́n kò ṣòro. Ibi líle tí ahọ́n ń kàn lókè nígbà tí a bá ń gbé òkèlè mì ni àjà ẹnu. Egungun tí ó gbé eyín dúró jẹ́ méjì: ti àgbọ̀n òkè, tí ó lẹ̀ mọ́ orí tí kì í sì í mì, àti ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀, tí ń lọ sókè sódò bí a bá ń jẹun. Ẹ gbé ìka lé iwájú etí yín kí ẹ sì la ẹnu. Ẹ óò mọ oríkèé rẹ̀ bí ó ti ń yí.

Ọ̀rọ̀ kan gba ìṣọ́ra, òun ni erìgì. Àwọn kan ń fi pe ẹran pupa tí ó yí ìdí eyín ká, àwọn mìíràn sì ń fi pe eyín ńlá tí a fi ń lọ oúnjẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá wí fún oníṣègùn pé erìgì ń dùn yín, ẹ fi ìka tọ́ ọ. Nínú ìwé yìí, ẹran ìdí eyín ni a pè ní erìgì. Erìgì tí ó dá ṣáká kì í ṣẹ̀jẹ̀ bí a bá ń fọ eyín. Bí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, ó sábà jẹ́ pé ìdọ̀tí ti kó sí ọrùn eyín. Ìdọ̀tí yìí a máa le bí òkúta bí ó bá pẹ́, orín kò sì lè yọ ọ́ mọ́, àfi irinṣẹ́ olùtọ́jú eyín.

Eyín kan ṣoṣo ní orí, ọrùn àti gbòǹgbò. Orí ni èyí tí a ń rí. Gbòǹgbò ni èyí tí ó rì sínú egungun. Ọrùn wà láàrin méjèèjì, níbi tí erìgì ti yí i ká. Eyín iwájú ní gbòǹgbò kan. Eyín ńlá ẹ̀yìn ti ìsàlẹ̀ sábà ní méjì, ti òkè sì sábà ní mẹ́ta, ìdí nìyí tí yíyọ rẹ̀ fi ń ni oníṣègùn lára. Gbòǹgbò kò dúró nínú egungun bí ìṣó nínú pákó. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ni ó so ó mọ́ ibẹ̀, kí eyín lè fà sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí a bá ge òkúta inú ìrẹsì jẹ.

Ẹ wo abọ́ tánganran àtijọ́. Irin ni inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun funfun líle tí ń dán ni a fi bò ó. Bí abọ́ náà bá ṣubú tí ìbòrí rẹ̀ sì ṣí níbì kan, ibẹ̀ ni ìpẹtà yóò gbà wọlé, tí yóò sì lu abọ́ náà já. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni eyín rí. Ìbòrí funfun tí ó wà ní orí rẹ̀ ni a óò máa pè ní tánganran eyín. Òun ni ohun tí ó le jù lọ nínú gbogbo ara ènìyàn, ó le ju egungun lọ. Ṣùgbọ́n egungun tí ó ṣẹ́ a máa so padà. Ihò tí ó bá ti lu sára tánganran eyín kì í dí fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn ohun tí ó mọ ọ́n ti parẹ́ kí eyín tó yọ jáde. Lábẹ́ tánganran ni dẹ́ńtìnì wà, tí ó pọ́n díẹ̀. Òun náà ni ó pọ̀ jù nínú eyín erin tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́ ní ayé àtijọ́. Ní àárín dẹ́ńtìnì ni mùdùnmúdùn eyín wà, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára gbà wọlé láti ìsàlẹ̀ gbòǹgbò.

Ẹni tí ó bá mọ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí yóò mọ ibi tí àrùn dé. Kòkòrò eyín tí a ń sọ kì í ṣe kòkòrò tí ń rákò. Àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni, wọ́n ń gbé ara eyín, wọ́n sì ń sọ ṣúgà inú oúnjẹ di omi kíkan tí a ń pè ní ásíìdì. Ásíìdì yìí ni ó ń jẹ tánganran. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà nínú tánganran, kò ní dùn yín rárá. Bí ó bá dé dẹ́ńtìnì, omi tútù àti ohun dídùn yóò máa ta yín. Bí ó bá dé mùdùnmúdùn, yóò máa dùn yín lóru láìjẹ ohunkóhun. Lẹ́yìn èyí, eyín lè dákẹ́ lójijì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dúpẹ́ ní àkókò yìí pé àgbo ti ṣiṣẹ́. Kò sàn o. Mùdùnmúdùn ti kú ni, àrùn sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ sínú egungun, láti ibẹ̀ ni wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka eyín láti àárín ẹnu lọ sẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ pé ní eyín iwájú méjì tí a fi ń gé oúnjẹ, ọ̀gàn kan tí a fi ń ya ẹran, eyín ẹ̀yìn kékeré méjì, àti eyín ẹ̀yìn ńlá mẹ́ta. Mẹ́jọ nìyẹn. Ọ̀nà mẹ́rin ni ẹnu pín sí, òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Nítorí náà gbogbo rẹ̀ jẹ́ 32. Ti ọmọdé jẹ́ márùn-ún ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: iwájú méjì, ọ̀gàn kan àti eyín ẹ̀yìn méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20. Wọ́n a máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, wọ́n a sì pé ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta.

Bí a ti dárúkọ eyín yíyọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fò kọjá. Eyín tí ń yọ lè mú kí ọmọ máa da itọ́, kí erìgì sì máa yún un. Kì í fa ìgbẹ́ gbuuru, kì í sì í fa ibà líle. Àkókò tí eyín ń yọ náà ni àkókò tí ọmọ ń rákò, tí ó sì ń ki ohun gbogbo bọ ẹnu. Ibẹ̀ ni àrùn ti ń wọlé. Omi ORS àti nọ́ọ̀sì ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, kò fẹ́ oògùn eyín. Láti ìparí ọdún 2008 wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ọmọ tí ó ju 80 lọ ni ó kú ní Nàìjíríà nítorí oògùn olómi kan tí wọ́n ń tà fún ọmọ tí ń hu eyín, tí májèlé wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà síbi ìṣirò wa. Eyín ọmọdé 20 yóò ká, eyín àgbà 20 yóò sì rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n eyín àgbà jẹ́ 32. Níbo ni 12 yòókù ti wá? Wọn kò rọ́pò èyíkéyìí. Àyè tuntun ni wọ́n ti yọ, lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé, bí àgbọ̀n ti ń gùn sí i: mẹ́rin ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà, mẹ́rin ní nǹkan bí ọdún méjìlá, mẹ́rin ìkẹyìn láàrin ọdún 17 sí 25, bí wọ́n bá hù rárá. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni eyín ọdún mẹ́fà. Wọ́n yọ láìsí ariwo. Kò sí eyín tí ó ká, kò sí èyí tí ọmọ sọ sórí òrùlé, kò sí àlàfo tí ẹnikẹ́ni rí. Ìyá kàn rí i lọ́jọ́ kan lẹ́yìn eyín ọmọdé, ó sì kà á mọ́ wọn. Ọjọ́ orí yìí kan náà ni ọmọ ń gba owó lọ sí ilé-ìwé, tí ó sì ń fi í ra súìtì. Orí eyín náà ní kòtò tóóró-tóóró tí oúnjẹ ń há sí, ó sì jìnnà sẹ́yìn níbi tí orín ọmọdé kì í dé. Bí a bá sì pàdánù rẹ̀, àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa wọ́ tẹ̀ sínú àlàfo náà, jíjẹ oúnjẹ kò sì ní gún mọ́.

Láti ìgbà tí a bí ọmọ ni orí eyín yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í le nínú egungun. Ìdí nìyí tí a fi ń kìlọ̀ fún aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ nípa kápúsù tẹtirasaikílínì tí àwọn ènìyàn ń rà lọ́wọ́ aláte. A máa wọ inú eyín tí ojú kò tíì rí, eyín náà yóò sì yọ jáde pẹ̀lú àwọ̀ pípọ́n tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tí orín kankan kò lè fọ̀.

Oníṣègùn kì í kọ orúkọ gígùn sórí káàdì. Nọ́ńbà méjì ni ó fi ń pe eyín kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ìṣáájú ń sọ ọ̀nà tí ó wà: 1 ni òkè ọ̀tún, 2 ni òkè òsì, 3 ni ìsàlẹ̀ òsì, 4 ni ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Fún eyín ọmọdé, 5, 6, 7 àti 8 ni wọ́n ń lò dípò wọn. Nọ́ńbà kejì ni iye tí a kà láti àárín ẹnu. Ọ̀tún àti òsì ti aláìsàn ni, kì í ṣe ti ẹni tí ó kọjú sí i. Bí ẹ bá rí 36, kì í ṣe mẹ́rìndínlógójì. Eyín kẹfà ní ìsàlẹ̀ òsì ni. Eyín ọdún mẹ́fà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni 16, 26, 36 àti 46. Ó dára púpọ̀ pé nọ́ńbà bá ọdún mu níhìn-ín, nítorí kò ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti rántí.

Ní alẹ́ òní, ẹ pe ọmọ yín tí ó ti tó ọdún mẹ́fà tàbí méje sí ibi ìmọ́lẹ̀. Ẹ ka eyín ìsàlẹ̀ láti àárín lọ sẹ́yìn, kí ẹ sì ka àlàfo eyín tí ó ti ká mọ́ ọn. Ẹ̀karùn-ún ni eyín ọmọdé tí ó kẹ́yìn. Ẹ̀kẹfà, bí ó bá ti yọ, eyín àgbà ni. Ojú márùn-ún ni ó ní: èyí tí ó kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, èyí tí ó kọ sí ahọ́n, èyí tí ó ń lọ oúnjẹ, àti méjì tí ó kọ sí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ojú tí ó kọ sí ìta nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń fọ̀. Pákò Ìjẹ̀bú àti orín àta wúlò bí a bá mú wọn dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kí ọmọ máa fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ eyín tí ó ní fúlóráìdì fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ọṣẹ náà má ju ẹyọ erèé kan lọ, kí àgbàlagbà sì bá a fọ ti ẹ̀yìn.

Bí ẹ bá rí àmì dúdú tàbí ihò lórí eyín kẹfà, ẹ má ṣe dúró títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ihò kékeré ṣeé dí, eyín yóò sì wà níbẹ̀. Ibi ìtọ́jú eyín wà ní UCH ní Ìbàdàn, ní ilé-ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, Èkó. Nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ibùdó ìlera àdúgbò yín lè sọ èyí tí ó sún mọ́ yín jù. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé eyín kẹfà ni, kí ẹ sì sọ bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀, ọ̀tún tàbí òsì ọmọ náà.