Odò Kóńgò, Conrad àti Ẹ̀sùn Achebe

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1975, Chinua Achebe, òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, dìde sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Massachusetts tó wà ní Amherst, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìwé Heart of Darkness tí Joseph Conrad kọ ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ìwé tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ òyìnbó ti ń gbé gẹ̀gẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Achebe kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ó ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà pọ́ńbélé ni Conrad. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, kò sì tíì rọlẹ̀ títí di òní.

Ìwé náà kò gùn. Ìwé ìròyìn Blackwood's ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1899. Awakọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Marlow ló ń ròyìn bó ṣe wa ọkọ̀ lórí odò ńlá kan ní Áfíríkà lọ wá Kurtz, òyìnbó tó ń kó eyín erin jọ, tó sì ti sọ ara rẹ̀ di ẹni àkúnlẹ̀bọ láàárín àwọn ará ibẹ̀. Conrad, ọmọ Pólándì tó di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rin ìrìn yẹn fúnra rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ lórí odò Kóńgò ní 1890, nígbà tí Leopold Kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀mù, ti sọ ilẹ̀ náà di ohun ìní ara rẹ̀.

Conrad kò bo àṣírí àwọn òyìnbó. Ní ibùdó tí Marlow gúnlẹ̀ sí, ó rí ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n ru apẹ̀rẹ̀ iyẹ̀pẹ̀, irin lọ́rùn oníkálukú, ṣéènì sì so gbogbo wọn pọ̀. Nítòsí ibẹ̀, lábẹ́ igi, àwọn òṣìṣẹ́ tí agbára wọn ti pin dùbúlẹ̀, wọ́n ń retí ikú. E. D. Morel, ẹni tó ṣáájú ìjà tí wọ́n bá Leopold jà, yin ìwé yìí púpọ̀. Ẹni tó bá ní Conrad gbè sẹ́yìn Leopold, irọ́ ló pa. Achebe náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dun Achebe ni ojú tí ìwé náà fi wo ọmọ Áfíríkà. Wọ́n pọ̀ nínú ìtàn náà, àmọ́ ariwo, ẹsẹ̀, apá àti ojú wọn nìkan là ń rí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Conrad fi ọ̀rọ̀ tó yanjú sí wọn lẹ́nu: ọ̀kan ń béèrè ẹran ènìyàn láti jẹ, èkejì ń kéde pé Kurtz ti kú. Ọkùnrin tó ń kó iná sí ẹ̀rọ ọkọ̀, iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n àti ojú tó mú, Marlow fi í wé ajá tí wọ́n wọ ṣòkòtò fún, tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn. Òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó inú ìwé náà pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Ṣùgbọ́n máníjà ni ọ̀kan, akọ̀wé owó ni òmíràn, wọ́n sì ń rojọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Irú ìbínú yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí Achebe ń kàwé ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ka Mister Johnson, ìwé ìtàn tí òyìnbó kan, Joyce Cary, kọ nípa Nàìjíríà. Ìwé náà bí wọn nínú, ó sì wà lára ohun tó mú Achebe kọ Things Fall Apart.

Àwọn tó ń gbèjà Conrad ní Marlow ló sọ̀rọ̀, kì í ṣe òǹkọ̀wé. Èsì Achebe ni pé kò síbì kankan nínú ìwé náà tí Conrad ti jẹ́ kí a rí ojú mìíràn tí a lè fi yẹ ọ̀rọ̀ Marlow wò. Wọ́n tún ní bí gbogbo ayé ṣe ń ronú nígbà náà nìyẹn. Ibí yìí ni àwíjàre wọn ti já.

Ní oṣù Keje ọdún 1890 kan náà, George Washington Williams, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ òpìtàn, wà ní Stanley Falls lórí odò kan náà. Ó kọ lẹ́tà sí Leopold láti ibẹ̀. Ó ṣàlàyé bí àwọn aṣojú ọba ṣe ń fi bátìrì pamọ́ sábẹ́ kóòtù, tí wáyà rẹ̀ dé àtẹ́lẹwọ́, tó bá wá di pé kí wọ́n bọ baálẹ̀ lọ́wọ́, iná á gbé e, á rò pé agbára òyìnbó ni, wọ́n á sì gba ilẹ̀ rẹ̀. Nínú lẹ́tà yẹn, ènìyàn tó nílẹ̀, tó nílé, tí wọ́n rẹ́ jẹ ni ará Kóńgò. Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí ọkọ̀ Conrad fi gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Nítorí náà ẹ̀sùn Achebe dúró. Kò ní kí wọ́n sun ìwé náà níná, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sun ún. Láti 1988 ni àtẹ̀jáde ilé ìtẹ̀wé Norton ti ń tẹ ọ̀rọ̀ Achebe mọ́ ìtàn Conrad nínú ìwé kan náà. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ wa, kó fún àwọn ọmọ ní méjèèjì, kó sì fi lẹ́tà Williams kún un.