Kòkòrò, Agbárùnkiri àti Fáírọ́ọ̀sì: Àpẹẹrẹ Láti Ara Ẹ̀wà Sóyà

Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìwé ìlera sí Yorùbá ní Ìdí-Àràbà, níbi tí Ilé-ìwòsàn Yunifásítì Èkó wà, kò lè ṣe kí ó má bá ọ̀rọ̀ náà 'kòkòrò' pàdé. Òun ni a fi ń pe ẹ̀fọn. Òun náà ni a fi ń pe ohun àìfojúrí tí ń fa àrùn. Bẹ́ẹ̀ ni ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní 1927, àwọn onímọ̀ Rockefeller, tí ibùdó wọn wà ní Yábà nítòsí, ya fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú sọ́tọ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọkùnrin kan ní Gold Coast (Ghana òde òní). Ẹ̀fọn ń gbé àrùn náà kiri. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á.

Àrùn àbàwọ́n-ewé ti ẹ̀wà sóyà fi hàn pé ìyàtọ̀ yìí kan àgbẹ̀ pẹ̀lú. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa àrùn náà: ewé á ká kò, á sì ní àmì àwọ̀ ewé tí ó dúdú àti èyí tí ó mọ́lẹ̀, èso á dínkù. Áfíìdì, kòkòrò kékeré tí ń fa omi ewé mu, ni ó ń gbé e kiri. Bí ó bá ti fi ẹnu bí abẹ́rẹ́ tọ́ ewé aláàrùn wò fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ti kó fáírọ́ọ̀sì tí yóò fi ran ewéko mìíràn. Kí oògùn apakòkòrò tó pa á, ó ti ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Irúgbìn pẹ̀lú sì ń gbé àrùn náà dé ọdún tí ń bọ̀.

Nítorí náà, bí ìwé bá sọ pé 'kòkòrò ni ó ń fa àrùn yìí, ẹ pa á', àgbẹ̀ yóò náwó sórí oògùn, yóò sì tún gbin irúgbìn aláàrùn. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó gbin irúgbìn mímọ́ tàbí ẹ̀yà tí ó lè kojú àrùn, kí ó sì tètè fa ewéko aláàrùn tu.

A dábàá báyìí: kí 'kòkòrò' dúró fún ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, kí 'agbárùnkiri' jẹ́ orúkọ èyíkéyìí tí ń gbé àrùn láti ara kan dé òmíràn, kí 'fáírọ́ọ̀sì' sì dá dúró. Lóòótọ́, 'oró' ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè Látìnì, ṣùgbọ́n oró ejò kì í bí sí i nínú ara ẹni tí ó bù jẹ. Fáírọ́ọ̀sì ń bí sí i nínú sẹ́ẹ̀lì alààyè. Ìdí nìyí tí 'oró' kò fi lè rọ́pò rẹ̀.