Yíyan Ìkọ́ àti Ohun Èlò Ìdènà Ìjùrù fún Ilé Àfọkọ̀fà ní Amẹ́ríkà

1. Ìfáárà

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó máa ń fi ọkọ̀ fa ilé kékeré onítáyà lọ sí ìrìn-àjò ìgbafẹ́. Ilé àfọkọ̀fà ni àpilẹ̀kọ yìí pè é. Bí eré bá pọ̀ jù, tàbí bí afẹ́fẹ́ ọkọ̀ ńlá bá gbá a, ilé náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún, fì sósì, bí ìgbà tí ajá ń jùrù. Èyí ni ìjùrù. Bí kò bá rọlẹ̀, ó lè dojú ilé àti ọkọ̀ dé pẹ̀lú àwọn èrò inú rẹ̀. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé ètò ẹrù ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí ìkọ́ tẹ̀ lé e, kí ohun èlò ìdènà ìjùrù sì ṣe ìkẹta.

2. Ìwúwo Orí Ìkọ́

Olórí ohun tí ó ń fa ìjùrù ni kí ẹrù pọ̀ sẹ́yìn táyà ilé. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ilé sinmi lórí ìkọ́. Bí ilé àti ẹrù rẹ̀ bá jẹ́ kìló 3,000, kìló 300 sí 450 ni ìkọ́ yóò gbé. Omi ṣe pàtàkì níhìn-ín: kìló 150 ni lítà 150. Bí táǹkì bá wà lẹ́yìn táyà, bí ó ti ń kún ni ìwúwo orí ìkọ́ ń dín kù. Nítorí náà, ìgbà tí ẹrù bá pé ni kí a gbé ilé lé òṣùwọ̀n, kì í ṣe ìgbà tí ó ṣófo.

3. Ìkọ́

Ìwọ̀n méjì ni ìkọ́ ní: èyí tí ó lè fà àti èyí tí ó lè gbé. Ìkọ́ tí ó lè fa kìló 3,000, ṣùgbọ́n tí kò lè gbé ju 250 lọ, kò yẹ ilé tí a mẹ́nu bà lókè yìí. Bọ́ọ̀lù irin náà gbọ́dọ̀ bá ihò rẹ̀ mu. Íǹṣì 1⅞, 2 àti 2 5/16 ni ó wọ́pọ̀. Ibi tí agbára rẹ̀ bá kéré jù lọ, láti ara ọkọ̀ dé bọ́ọ̀lù, ni a ó fi díwọ̀n gbogbo rẹ̀.

Bí ìwúwo bá tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, iwájú yóò fúyẹ́, ọkọ̀ kò sì ní gbọ́ ti ọwọ́ awakọ̀ dáadáa. Ìkọ́ apínwúwo ní ọ̀pá irin tí ó ń dá díẹ̀ nínú ìwúwo náà padà sí táyà iwájú ọkọ̀ àti táyà ilé. Ṣùgbọ́n pínpín ìwúwo nìkan kì í ṣe ìdènà ìjùrù.

4. Ohun Èlò Ìdènà Ìjùrù

Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí.

(i) Èyí tí irin rẹ̀ ń gbo ara wọn. Ìgborá yìí ni ó ń pa agbára ìjùrù. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ yọ kí ọkọ̀ tó fi ẹ̀yìn rìn, òjò sì lè dín agbára rẹ̀ kù.

(ii) Èyí tí ó ń fi ìsopọ̀ irin mú kí ilé máa ṣe bí ẹni pé ìtòsí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ ni a so ó mọ́. Hensley Arrow àti ProPride wà nínú irú èyí. Kì í jẹ́ kí ìjùrù ráyè bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì wọ́n.

5. Àgbálọgbábọ̀

Kò sí èyí tí ó lè wo àìsàn ẹrù tí a tò sódì nínú méjèèjì. Ńṣe ni wọ́n lè bo àmì rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí eré yóò fi pọ̀. Ẹni tí ó ra ohun èlò láìtún ẹrù tò, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.