Amóhùnlágbára àti Gbohùngbohùn

Ní òde àríyá, ènìyàn lè fi orúkọ kan ṣoṣo, gbohùngbohùn, pe gbogbo ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá jùjú jáde. Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n. Amóhùnlágbára ń fi agbára kún ìṣàn iná kékeré tí ó ti ara gìtá wá. Gbohùngbohùn ń sọ iná náà di ohùn. Ẹni tí ń ta gìtá lè fi bọ́tìnnì àfẹsẹ̀tẹ̀ yí gìtá rẹ̀ láti amóhùnlágbára kan sí òmíràn láìséwu. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ gbohùngbohùn lára amóhùnlágbára onífáàfù tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tiransifọ́mà rẹ̀ lè jóná. Nítorí náà, ògbufọ̀ tí kò bá pààlà sáàárín orúkọ méjèèjì lè ba ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ jẹ́.